Itọ́ Inú Hamóníkà

Kò sí ẹnu tí Ṣanwọ́ rí tí kì í rí i lára, bẹ́ẹ̀ ẹnu gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ni ó ń ṣe, nínú yàrá méjì kan tó kọjú sí títì; iwájú wà fún oníbàárà, ẹ̀yìn wà fún iná, ìda àti simẹ́ńtì funfun. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á jókòó sórí àga rẹ̀, wọn á lanu, ohun tí wọ́n sì ti ń fi ètè bò mọ́lẹ̀ fún ọkọ àti aya wọn láti ọjọ́ yìí, Ṣanwọ́ ni wọ́n máa wá ṣí i hàn. Ó ti rí ẹran ìjẹta láàárín eyín. Ó ti rí ahọ́n tó funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó múra bí ìyàwó olówó yọ eyín rẹ̀ àtijọ́ lẹ́nu, ó gbé e lé Ṣanwọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀, ó ní kó bá òun dì í mú ná kí òun dáhùn fóònù. Ó dì í mú. Kí ni ì bá ṣe?

Ìdí rèé tí àdúgbò fi ń pè é ní Ṣanwọ́. Bó bá yọwọ́ lẹ́nu èèyàn, á fọwọ́. Bó bá gbowó, á fọwọ́. Bó o bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá rí i pé ojú rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà ìdí ẹ̀rọ omi. Nílé, ife rẹ̀ lọ́tọ̀, ṣíbí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀: "Ọkọ mi, bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ máa kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló fi ife yìí mumi kẹ́yìn."

Ohun kan ṣoṣo ló ń fi sẹ́nu tí kì í rí i lára: hamóníkà rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí a ń fi ẹnu fọn. Ẹnu ẹlòmíràn kò kàn án rí. Bí iṣẹ́ bá parí, á fi áńkáṣíìfù funfun nù ún, á jókòó sí yàrá ẹ̀yìn láàárín àwọn eyín tí kò tíì ní ẹnu, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bulúùsì, orin àwọn tí ojú wọn ti rí màbo. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á dúró. Á rò pé sakisofóònù ni, fèrè ńlá onírin tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìkòkò tábà.

Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Á ká ọwọ́ méjèèjì bo hamóníkà náà bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu, kí ohùn lè jìn. Á máa fi ọ̀fun mi ohùn náà. Kì í fọn ihò mẹ́ta pọ̀ bí ọmọdé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, á fà á gùn, á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dún bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé bulúùsì kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde bí a bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú hamóníkà. Fífà ni a ń fà á sínú. Ẹni tó ń fọn sakisofóònù, èémí rẹ̀ àti itọ́ rẹ̀ ń lọ síwájú ni, wọ́n á gba inú irin kọjá, ó di ti ilẹ̀. Ti hamóníkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí Ṣanwọ́ fi hamóníkà rẹ̀ yá ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Fèrè, nítorí sakisofóònù ló ń fọn nílé ọtí kan ní ọ̀sán gbogbo Sátidé. Nígbà tí bàbá wọn kú, owó fèrè yẹn ló ń gbọ́ bùkátà ilé, òun náà ló sì fi Ṣanwọ́ sẹ́nu iṣẹ́ eyín. Nígbà tí Ṣanwọ́ wà ní kékeré, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kọ́ òun. Fèrè yọ ẹnu fèrè náà kúrò lẹ́nu ara rẹ̀, ó tì í bọ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe wà, ó gbóná, ó ń kán tó, tó, tó. Ara Ṣanwọ́ bù máṣọ. Ó sáré jáde, ó lọ bì sẹ́yìn ilé. Kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó lọ wá hamóníkà tirẹ̀ rà, ó ń jókòó sẹ́yìn ògiri nígbà tí Fèrè bá ń fọn, ó ń wá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn títí ó fi rí i. Nígbà tí Fèrè gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó tutọ́ sílẹ̀ pà. "Ìṣeré ọmọdé," ló wí.

Bí àwọn méjèèjì ṣe di àgbà nìyẹn, tí wọ́n ń kíra wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ṣanwọ́ kì í dé ilé ọtí náà, ó ní òórùn rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Fèrè náà kì í dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí àwọn eyín yẹn ṣe ń wo òun láti orí pẹpẹ kò dáa.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé kan tí Fèrè wọlé, tó fọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Nígbà tó máa ká ọwọ́ kúrò, kò sí eyín òkè kankan mọ́. Sígá àti ọtí ti jẹ wọ́n tán ní gbòǹgbò, dókítà sì ti fa ìyókù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Àbúrò mi, eyín òkè la fi ń di ẹnu fèrè mú," ló wí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ táyà tó lu. "Láìsí i, irin lásán ló kù lọ́rùn mi. Ìyá onílé ọtí ti ra ẹ̀rọ tó ń kọrin fúnra rẹ̀. Ó ní tí mi ò bá lè fọn ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí n má wulẹ̀ wá mọ́."

"Ṣé kò sí ilé ọtí míì ni?"

"Ta ló mọ̀ mí níbòmíì? Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń jẹ́ Fèrè. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, bàbá arúgbó tí ò léyín ni mí, kò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohun tó yẹ kí Ṣanwọ́ sọ kò ṣòro. Erìgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa eyín kúrò nínú rẹ̀ máa ń wú. Bó bá ń jinná, á máa sún kì. Eyín tí o bá wọ̀n sórí erìgì wíwú, kò ní pẹ́ tí á fi máa mì lẹ́nu bí bàtà ẹlẹ́sẹ̀ ńlá lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Bí kò bá sì sí àyè láti dúró, ọ̀nà kan wà tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ eyín ń tọ̀: wọn á kọ́kọ́ to eyín náà sórí ìda, oníbàárà á padà wá, á fi sẹ́nu, á sọ̀rọ̀, á gé nǹkan jẹ, wọn á sì tún ibi tó bá mì ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ di líle. Ẹni tó bá fo ìyẹn kọjá, àfọwọ́fà ni.

Ṣùgbọ́n Ṣanwọ́ ti wo inú ẹnu náà. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Erìgì náà pupa, ó sì dúdú láwọn ibì kan, ọyún díẹ̀ wà nínú ihò ẹ̀yìn, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà tí omi ìdọ̀tí dúró sójú kan láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó fi ìpara rírọ̀ tí wọ́n fi ń wọn erìgì sí i lẹ́nu, ọ̀fun Fèrè yí, itọ́ sì ṣàn bọ́ sí Ṣanwọ́ lọ́rùn ọwọ́, ó yọ́ wọ inú aṣọ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ṣanwọ́ ń gbé èébì mì.

"Ìgbà wo ni mo máa padà wá wọ̀n ọ́n wò?" Fèrè bi í.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó máa ṣe rẹ́gí."

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Kò fẹ́ rí inú ẹnu náà lẹ́ẹ̀kejì ni. Ọmọ ìyá rẹ̀, tó fi èémí bọ́ ọ, ó parọ́ fún un nítorí òórùn. Lẹ́yìn tí Fèrè jáde, ó fọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi ń ta á. Nígbà tí eyín náà sì ṣe tán, ìyàwó rẹ̀ ló fi rán sí i.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, kò fẹ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé bàtà sí i níwájú. "Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ yín nìyẹn," obìnrin náà wí. "Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ kó lè rí ojú ẹnìkan tó jẹ́ tiẹ̀."

Ó lọ, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ibo ló fẹ́ jókòó sí? Tábìlì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Eṣinṣin ti kú sínú ife ọtí àmukù, ọkùnrin kan tó wọ táì sì ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ro etí, ó ń wo ohun tó bá yọ, ó sì ń nù ún mọ́ abẹ́ àga. Ṣanwọ́ dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ọwọ́ lórí àpò àyà níbi tí hamóníkà àti áńkáṣíìfù rẹ̀ wà. Fèrè rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó rẹ́rìn-ín, eyín tuntun náà tàn. Ojú rẹ̀ ti padà sí ti ìgbà èwe. Ó gbé sakisofóònù sẹ́nu.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ó nípọn, àwọn tó ń pariwo rọra dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó dé ibi tí orin ti ń gòkè, níbi tó yẹ kó fi eyín di ẹnu fèrè náà mú dáadáa. Ó dì í mú. Eyín yẹ̀. Ohùn súfèé kan jáde. Ó fi ahọ́n tì í padà, ó tún gbìyànjú, nígbà tó sì máa fa èémí, ẹnu fèrè fa eyín òkè lódindi jáde. Ó so rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lórí okùn itọ́ kan, lẹ́yìn náà ó já, ó sì ta pọ́n-ún lọ sí ẹsẹ̀ ìyá onílé ọtí.

Ẹ̀rín bẹ́. Ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ro etí ló kọ́kọ́ rín, àfi bíi pé òun mọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá onílé ọtí fi etí bàtà ti eyín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ orin rẹ̀. "Ó tó, Bọ̀ọ̀dá Fèrè. A dúpẹ́. Ẹ lọ sinmi nílé."

Fèrè dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé.

Ìríra tó gbé Ṣanwọ́ lọ́kàn lákòókò yẹn kì í ṣe ti eyín. Ara rẹ̀ ló rí i lára. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán mú eyín náà nílẹ̀ pẹ̀lú itọ́ àti iyanrìn rẹ̀, ó tì í sínú àpò. Ó yọ hamóníkà jáde, ó ká ọwọ́ bò ó, ó sì gba orin náà níbi tó ti já.

Ọwọ́ ìyá onílé ọtí dúró lórí ẹ̀rọ. Sakisofóònù wà lọ́rùn ẹni tí kò fọn ún, ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn. Fèrè yí orí sí i, ó ń tẹ́tí.

"Ohùn mi nìyẹn," ló wí. Nígbà tí Ṣanwọ́ dúró láti mí, Fèrè na ọwọ́. "Gbé e wá. Wọ́n ní èèyàn kì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún padà lá a. Mo ti ṣe tán, màá lá a."

Kò sí ẹni tó lérò pé Ṣanwọ́ máa fún un, òun náà kò lérò. Ó fún un. Fèrè fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dún bíi ti ọmọdé.

"Ẹ má fẹ́ ẹ, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ fà á sínú."

Ó fà á. Ètè tí kò ní eyín lẹ́yìn dì mọ́ irin náà pinpin, ó dára ju ti eléyín lọ, èémí tó ti ń ti fèrè ńlá láti ìgbà èwe sì fa ohùn kan jáde tí Ṣanwọ́ kò rí mú rí. Ó gùn, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó kù díẹ̀ kó já, kò já. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá onílé ọtí ti ká ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Itọ́ ń ṣàn gba àgbọ̀n Fèrè, ó ń wọ inú ihò wẹ́wẹ́ náà, ó pupa díẹ̀ nítorí erìgì tí kò tíì jinná. Ṣanwọ́ rí gbogbo rẹ̀.

Fèrè fi orin náà sí agbedeméjì bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe bulúùsì nìyẹn, ẹnìkan á bi, ẹnìkan á dáhùn. Ó dá hamóníkà padà fún àbúrò rẹ̀. Ó ń kán.

Ọwọ́ Ṣanwọ́ ti wà lórí áńkáṣíìfù kó tó mọ̀. Fèrè rí i. Kò bínú. Ó kàn yíjú sí ògiri, bí ẹni tó bá àwọn èèyàn nídìí oúnjẹ, tó sì ti mọ̀ pé wọn kò ní ní kí òun wá jẹun.

Ṣanwọ́ fi áńkáṣíìfù sílẹ̀. Èébì ṣì ń gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé ìfẹ́ a máa pa òórùn. Ó gbé hamóníkà sẹ́nu, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sígá àti ẹ̀jẹ̀ ló ń dùn lẹ́nu. Ó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn. Ó fà á sínú títí ohùn náà fi tán, ó sì gbé e mì.