Ọjọ́ tí Gbogbo Ilé Sọ Tẹnu Rẹ̀

Láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ológun sọ ìmọ́tótó àyíká di òfin, ìjọba ìbílẹ̀ rán òṣìṣẹ́ kan wá sí agboolé àwọn ìyá mi ní Ìlódè. Ohun méjì ló gbé wá: ọgbà kékeré kan tí a ó gbin igi ibòji sí, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì fún ìgbafẹ́, àti ṣáláńgá gbogbogbòò fún àdúgbò. Ó ní ìjọba kò fẹ́ fi ipá ṣe é. Kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù. Ọmọ tí obìnrin ilé náà bí ni mí: mo lè túmọ̀ ọ̀rọ̀, n kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọgbà kò pẹ́ parí. Kálukú ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tirẹ̀, títí olórí ẹbí fi fà á sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, gbogbo wọn sì rí i pé ibẹ̀ ló yẹ. Ó wá ku ṣáláńgá. Gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

Ní igun agboolé, níbi tó kọjú sí títì, ni opó kan ń gbé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò bímọ, ẹ̀kọ ló ń sè tà lábẹ́ àtíbàbà iwájú yàrá rẹ̀, nínú ìkòkò dúdú ńlá kan. Ẹ̀kọ náà mọ́ débi pé àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń dá mọ́tò dúró láti rà á. Kò ní oko, kò ní ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Ẹ̀kọ yìí ló ń bọ́ ọ.

Òṣìṣẹ́ náà tẹnu mọ́ ọn pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Olórí ẹbí ní ó dára, bí a ṣe wọlé ni a ó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó mọ ilé wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láti ọjọ́ tí obìnrin bá wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé náà. Ọmọ tó bá nílé, ìbáà wà lẹ́nu ọmú, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ń nàka sí igun kan ṣoṣo. Ẹnìkan ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀. Òmíràn ní obìnrin náà kò ní ọmọ kékeré tí àìsàn lè ṣe. Wọ́n ń yìn ín bí wọ́n ti ń ṣe é: onísùúrù ni, kì í jà, kò ní kọ̀.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni télọ̀ kan tó ti ń hewú. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí obìnrin náà wọlé. Ẹ̀yìn obìnrin yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní ìyàwó, ló dàgbà sí. Òun náà nàka.

Nígbà tó wá kan ìyàwó, òṣìṣẹ́ ti ń ká àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

“Ẹ̀yin ọkọ mi, ta ni yóò ra ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá?”

Télọ̀ ló dá a lóhùn. “Ìyàwó, àwa ni a ó máa rà á. Àbí imú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀kọ?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ bi mí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn wọn ṣọ̀kan.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ṣáláńgá ti dúró. Mọ́tò àwọn olùkọ́ kò dúró mọ́. Àwọn ará ilé fi ojú àánú rà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra ẹ̀kọ níbòmíràn, wọn a sì fi aṣọ bo abọ́ bí wọ́n bá ń bọ̀. Obìnrin náà ń dá ẹ̀kọ rẹ̀ jẹ títí tó fi kan mọ́ ọn lẹ́nu. Níkẹyìn ó pa iná.

Ìgbà náà ni ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ilé yan ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, tí yóò sì máa fọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, olórí ẹbí ní kí a má wo ti bí a ṣe wọlé mọ́. Àgbàlagbà ni ìyàwó, kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Oúnjẹ alẹ́, láti yàrá dé yàrá, ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ẹ̀kọ ló fi ń gbé omi tó fi ń fọ̀ ọ́.

Mo lọ kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Olórí ẹbí ti so ewúrẹ́ mọ́ bẹ́ǹṣì ọgbà ìgbafẹ́. Bí mo ti dé igun, télọ̀ ń bọ̀ kíákíá, ó di imú mú.

“Ìyàwó, yára. Ibí yìí mà ń rùn. Ṣé o tiẹ̀ ń fọ̀ ọ́?”

Obìnrin náà ń tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró rẹ̀, kò kánjú.

“Ọkọ mi, ṣé imú lẹ ó fi lò ó ni?”

Ojú télọ̀ le. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ náà òun yóò sọ fún olórí ẹbí kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, kí òun wá wo ohun tí yóò máa jẹ lálẹ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tí ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ó dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.