Nígbà Tó Kan Vendela

Tó bá jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni, kò sí ẹni tó lè na Vendela Åkerblom ní ìlú Göteborg. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń kọ ìtàn fún àwọn tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Obìnrin yìí a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun láàárín òtútù, ẹ̀rù kì í bà á. Ṣùgbọ́n kó jókòó láàárín èèyàn kó ní "mi ò gbà", áà, ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù.

Géèmù tó kọ́kọ́ kọ ìtàn rẹ̀ ò lẹ́wà rárá. Igi inú rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀. Síbẹ̀, bí o bá ṣe dá àwọn ará àdúgbò lóhùn níbẹ̀ ni ọ̀nà rẹ ṣe máa yà, àwọn èèyàn ò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ títí dòní. Torkel, bàbá Vendela, ti ṣeré náà parí nígbà mọ́kànlá.

"Ìgbà kọkànlá rèé," ló sọ fún ọmọ rẹ̀, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń pa obìnrin ẹlẹ́ja yẹn lẹ́kún!"

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Torkel fi wa ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ sí àwọn erékùṣù. Ní báyìí, ojú rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, etí ló fi ń ṣeré ju ojú lọ. Nítorí rẹ̀ ni Vendela ṣe fi ọlọ́kọ̀ kan sínú géèmù tuntun tí wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó kó gbogbo ìtàn bàbá rẹ̀ sẹ́nu ọkùnrin náà: ìyàwó tuntun tó ní kí wọ́n dá òun padà láàárín omi, ọkùnrin tó ń gbé òkú aya rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí o bá jókòó tì nínú ọkọ̀ ni yóò pinnu ìtàn tí ọlọ́kọ̀ máa sọ fún ọ, ìrìn àjò méjì ò sì ní bára mu. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ ọ́. Ó ti ṣèlérí fún Torkel pé yóò gbọ́ ọ kí ojú rẹ̀ tó kú tán.

Àfìgbà tó di ọjọ́ ìpàdé. Isak, ọ̀gá iṣẹ́ náà, ti fi òkun kan hàn wọ́n tí iná ń jó lórí rẹ̀. Ó ní àyè ò gba òkun yìí àti ìtàn ọlọ́kọ̀ pa pọ̀, pé ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ ń fa eré sẹ́yìn, kí ọkọ̀ rẹ̀ kúkú gbiná níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnì kan kì í pariwo, wọn kì í dìbò. Kálukú á sọ tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án, ohun tí gbogbo wọn bá sì gbà, ẹnikẹ́ni kì í padà wá hú u. Èèyàn méje ti ní ó dáa.

"Vendela, ó kàn ẹ́ o. Kí lo rí sí i?" Isak ló bi í.

Abala ìwé mẹ́ta tó ti kọ ìdí tí kò fi gbà kún wà lórí itan rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ojú ẹ ò mà jọ bẹ́ẹ̀. Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dáa jàre. Ẹ jẹ́ ká mu kọfí wa kó tó tutù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi, kọfí! Nígbà tí wọ́n ń fọ ife, Ylva tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Èmi gan-an fẹ́ràn ọlọ́kọ̀ yẹn. Ìwọ ni mò ń wò, kó o kọ́kọ́ kọ̀." Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Inú Vendela bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti parí.

Géèmù náà jáde, aráyé sì yìn ín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ṣeré náà tán láàárín wákàtí méje, kò sẹ́ni tó padà sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Vendela gbé e lọ fún bàbá rẹ̀. Torkel sún imú mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Kí ló ń dún gbàù-gbàù yẹn?"

"Iná ni, Bàbá. Òkun ló ń jó."

"Òkun ń jó kẹ̀? Gbogbo ọdún tí mo fi wakọ̀, mi ò rí i kó jó rí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dẹ etí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. "Ọlọ́kọ̀ mi dà? Ìgbà wo ló máa sọ̀rọ̀?"

"Ó ti kú, Bàbá. Ọkọ̀ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbiná."

Torkel bi í pé, "Ṣé wọ́n fi agbára gbà á lọ́wọ́ ẹ ni?"

Vendela lè parọ́, irọ́ náà ì bá sì dùn létí bàbá rẹ̀ dáadáa.

"Rárá, Bàbá. Wọ́n bi mí."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ó dáa."

Ojú tó kù fún Torkel yà kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí.

"Bá mi pa á," ló wí. "Ojú ń dùn mí."