Ọkọ Tí Ó Di Ọkọ̀

Ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ẹ̀rín kò fìgbà kan gbèrò láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Olùkọ́ dùùrù ni, tí í wọ kóòtù nínú oòrùn, tí í gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣóńṣó kí ó tó kọ orin sínú ìwé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó kọ eré olórin kan nípa opó, irú èyí tí ó yẹ kí ó pa òkúta lẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣe opó náà. Ó wọ aṣọ dúdú, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ọkọ mi ti lọ."

Ṣùgbọ́n ohùn orin náà wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó ti wálẹ̀. Ohun tí èrò gbọ́ ni "Ọkọ̀ mi ti lọ." Awakọ̀ kan tí ó jókòó níwájú, tí kò ní ìkà kankan nínú, bi í pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti sanwó ni?"

Gbọ̀ngàn dàrú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ dùùrù náà mú lẹ́ẹ̀dì láti tún orin náà ṣe. Ẹni tí ó ni gbọ̀ngàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà, pé bí ó bá tún un ṣe, kí ó yáa wá gbọ̀ngàn mìíràn. Báyìí ni ó ṣe di olórin ẹ̀fẹ̀. Eré mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó kọ ní ogójì ọdún, kò sì rẹ́rìn-ín nínú ọ̀kankan.

Ìyàwó rẹ̀ kò yéé bẹ̀ ẹ́. "Bàbá wọn, ẹ bá mi tún orin yẹn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sunkún ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́nikẹ́ni má rẹ́rìn-ín." Á ní ó di ọ̀la. Ọ̀la kò sì tán.

Nígbà tí ó kú, ìyàwó rẹ̀ rí ìwé orin náà lábẹ́ ìjókòó dùùrù. Ó ti tún un ṣe, ó fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, "ọkọ".

Ìyàwó náà kọ orin yìí níbi ìsìnkú. Ohùn dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró: "Ọkọ mi ti lọ." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ẹnu wọn ṣe.

Ó wò wọ́n. Nígbà tí ó tún dé ibẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn wálẹ̀: "Ọkọ̀ mi ti lọ."

Awakọ̀ ọjọ́sí, tí ó ti ń fi ọ̀pá rìn, wú ikọ́ díẹ̀. "Ìyá wa, ṣé ẹ ti sanwó ni?"

"Mo ti san án," ni ìyá wí. "Ogójì ọdún gbáko."

Ó dúró kí ẹ̀rín wọn tán, ó sì kọ ìyókù bí ó ṣe wà nínú ìwé.