Ẹ̀gbẹ́ kejì ápù

O ní kí n sọ ìdí tí mo fi ń gé ápù jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, tí mo sì máa ń gbé e sílẹ̀. Ìyá bàbá ẹ tó ti lọ ló fà á.

Nígbà tí ìlú le, tó jẹ́ gàrí tí ò ní ṣúgà là ń mu sùn, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lára ògiri wa ní Oǹdó. Ádámù àti Éfà ni wọ́n yà síbẹ̀, ápù pupa wà lọ́wọ́ Éfà. Tí ìyá bàbá ẹ bá ń gbálẹ̀, á dúró wò ó, á ní, "Obìnrin yìí, ìwọ tiẹ̀ tọ́ ọ wò."

Lọ́jọ́ kan mo lọ ta kòkó ní Àkúrẹ́, mo sì ra ẹyọ ápù kan bọ̀ fún un. Ó fi ìró nù ún títí, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wá nà án sí mi.

"Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ."

"Ìwọ ni mo rà á fún."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mú un wálé o. Tó bá dọ̀rọ̀ lọ́la, ẹ má ṣe bíi ti Ádámù, kẹ́ ẹ ní obìnrin ló fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gé ẹ̀gbẹ́ kan jẹ. Kíá ló gé ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ṣé torí eléyìí ni wọ́n ṣe lé wa jáde lọ́gbà? Àgbálùmọ̀ dùn jù ú lọ."

Síbẹ̀, ó jẹ ẹ́ kan kóró.

Ní báyìí, ọ̀rá ápù ni bàbá ẹ ń rù wá. Mo máa ń gé ẹ̀gbẹ́ kan, màá kọ ẹ̀gbẹ́ kejì sí àga ìyá bàbá ẹ. Lọ́jọ́ ápù àkọ́kọ́ yẹn, kò jẹ́ kí n dúró pẹ́ kó tó gé tiẹ̀.