Ọ̀rá tí Mò Ń Jó Lábẹ́ Fèrèsé

Òórùn ọ̀rá tó ń jó ni mo fi ń rántí ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé ọkọ ní Bẹ́yẹrúnkà. Ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti ń rọ̀ sórí àwọn páànù pupa, èéfín á rọra máa gòkè láti ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo àdúgbò á fi dà bí ohun téèyàn ń rí lójú oorun. Èmi náà ń dáná tèmi. Ọ̀rá ata, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, mo máa ń kó wọn jọ, mo sì máa ń dúró wo iná náà, torí àwọ̀ búlúù tó wà nídìí rẹ̀ wù mí.

Yàrá ìyá ọkọ mi ló kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n ń wúkọ́. A rò pé ọyẹ́ ni, àmọ́ ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá di iṣẹ́ fún wọn, mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi wá bóyá a máa ń jó nǹkan nílé. Kí n tó lanu, ìyá ti ní rárá. Irọ́ tí wọ́n fi bò mí láṣìírí yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo ní, “À ń jó ọ̀rá, mà. Èmi ni mò ń jó o, lábẹ́ fèrèsé wọn.”

Nọ́ọ̀sì ní èéfín ọ̀rá yẹn ló ń fa ikọ́ náà. Nínú takisí tá a wọ̀ padà, ìyá di ọwọ́ mi mú. “Ìyàwó, mo mọ̀ tipẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá ẹ wí níbẹ̀ ni.”

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń gbé abọ́ àti apẹ̀rẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, kí wọ́n má bàa fi ọ̀rá di ọjà fún mi. Ìyá aláta rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá ọ̀rá ti wọ́n ni. Ẹ̀kọ inú ewé ni mò ń rà, ewúrẹ́ ilé ń jẹ ewé rẹ̀ àti èèpo iṣu. Mo fọ àmù tó ti gbẹ, mo ń se omi kànga, mo ń dà á sí i. Ọkọ mi kọ́kọ́ kùn pé omi náà ń rùn bí amọ̀. Nígbà tó yá, òun ló ń mu ún jù. Mo máa ń gbàgbé abọ́ lọ́jọ́ mìíràn, èéfín àwọn ará àdúgbò kò sì tán. Ṣùgbọ́n iná tiwa kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, ìyá wé gèlè, wọ́n ní àwọn ń lọ sí àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí. Mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè nínú ìrì, wọn ò jókòó sinmi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn ò wẹ̀yìn, wọ́n kàn sọ pé kí n máa padà sílé.

Ṣé o rí i, kíkúnlẹ̀ kí wọn àti gbígbé oúnjẹ fún wọn ni mo rò pé ó jẹ́ ìtọ́jú ìyá ọkọ. Látìgbà náà, tí mo bá fẹ́ ju nǹkan nù, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló wà níbi tí mò ń jù ú sí.