Bọ́ọ̀sì Tó Ń Fẹ̀yìn Rìn

"Rárá o, Sìsítà, ó ṣiṣẹ́! Ta ló sọ pé kò ṣiṣẹ́? Ẹ́ńjìnnì yẹn ń kọrin bí ẹyẹ. Ẹ̀yìn ni bọ́ọ̀sì ń lọ ṣá!"

Ìyàwó mẹkáníìkì ló ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù níwájú ilé búrẹ́dì ìyá wọn, ọmọ oṣù mẹ́jọ lórí ìbàdí rẹ̀ ń fà á létí. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. Ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ibo ló wà? Abẹ́ bọ́ọ̀sì. Kí ló ń tún ṣe níbẹ̀? Kò tún nǹkan kan ṣe. Sípánà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí bóòtù kankan tó fẹ́ fi tú. Ojú ló ń tì í. Láti aago méjìlá ló ti sùn gbalaja síbẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ ti dì bí igi.

"Màámi lóun ò ṣe mọ́ o," ni ìyàwó ń wí. "Gíà ti kú. Bàbá ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gé irin ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́." Ẹ̀rín ẹ̀ wá dẹwọ́. "Bọ́ọ̀sì Bàámi, Sìsítà."

Lábẹ́ bọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì di ojú. Nítorí pé gíà ò kú. Kò sóhun tó ṣe gíà. Irọ́ ló pa.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé wa. Ó-Bá-A-Mu ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, torí bó bá ti ki nǹkan bọ inú ọkọ̀ tó sì wọlé, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pàà, á ní, "Ó bá a mu!" Iṣẹ́ ẹ̀ dá a lójú. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó, ó tiẹ̀ dá a lójú jù.

Bọ́ọ̀sì tí à ń wí yìí, àwọn Faransé ló ṣe é, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Imú ẹ̀ ṣù síwájú bí imú ẹlẹ́dẹ̀, ara ẹ̀ rí gbágungbàgun bíi páànù tí wọ́n fi ń kan òrùlé. Bàbá ìyàwó ẹ̀ fi gbé búrẹ́dì kiri títí ó fi kú, ìyá ìyàwó ẹ̀ sì gbà á ń bá a lọ, àfìgbà tí ẹ́ńjìnnì là sí méjì lójú pópó. Gbogbo ẹni tó rí i ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ó-Bá-A-Mu ló fọwọ́ sọ̀yà: "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá wá ẹ́ńjìnnì tó máa bá a mu."

Ó gé páálí kan, ó fi lé ojú gíà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń so mọ́ ọn, ó fi bírò yípo ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn lu. Páálí yìí ló ń gbé sábẹ́ abíyá kiri bí ọmọ iléèwé tó gbé síléètì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ẹ́ńjìnnì ló dé. Èyí, ihò méje, mẹ́jọ la sì ń wá. Èyí pé mẹ́jọ, ó tún fẹ̀ jù. Ọjọ́ kan ni bàbá arúgbó kan ká tapólì kúrò lórí ọ̀kan, Ó-Bá-A-Mu gbé páálí lé e, ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì wo ara wọn lójú.

"Ó bá a mu!"

"Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń gbé lẹ́yìn, níbi búùtù, la ti yọ èyí o. Kó o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ó-Bá-A-Mu ti ń wá ẹni tó máa bá a gbé e. Kò gbọ́ ju "ilé-iṣẹ́ kan náà" lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ki í bọ inú bọ́ọ̀sì, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá bá a gbé e. Ìyàwó dúró tì wọ́n, ó ń fún ọmọ lómi. Ló bá ní, "Bàbá ọmọ, bí bátìrì bá kú, Bàámi máa ń fi irin kan yí ẹ́ńjìnnì láti imú bọ́ọ̀sì. Èmi ni mo máa ń dúró ti wọn. Bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni wọ́n ṣe máa ń yí i. Èyí tẹ́ ẹ gbé dé yìí ńkọ́, ibẹ̀ náà ló ń yí sí?"

Ìbéèrè gidi ni o. Ó-Bá-A-Mu wo wẹ́dà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà gbọ́? Ìyá ọmọ, ṣé aago la fẹ́ tún ṣe ni? Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń yí! Wo ọmọ ẹ, ó ti ki nọ́ọ̀tì sẹ́nu."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni. Ó yọ nọ́ọ̀tì lẹ́nu ọmọ, ó bá tiẹ̀ lọ.

Àárọ̀ tí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀sì jáde pé. Ìyá ti to búrẹ́dì sórí tábìlì gígùn lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè tètè kó o wọlé. Òun fúnra ẹ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna ẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Ó-Bá-A-Mu yí kọ́kọ́rọ́. Gbìrì! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì dáhùn. Wẹ́dà pàtẹ́wọ́. Ó-Bá-A-Mu yọrí lójú fèrèsé: "Kí ni mo wí? Ó bá a mu!" Ó fi sí gíà kìíní, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì, ó kọjú síwájú bí ọ̀gá.

Bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn gbá tábìlì. Búrẹ́dì fọ́n ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àna mi, kí ló dé?" ni Ìyá bi í.

Ká ní ó sọ pé òun ò mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ò jẹ́.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, Ìyá. Ẹ̀yìn la máa ń kọ́kọ́ dán wò."

"Ẹn-ẹ́n. Ó dáa. Ẹ wá dán iwájú wò."

Ó fi sí gíà kejì. Ẹ̀yìn. Ó fi sí ìkẹta. Ẹ̀yìn náà ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú sí. Ìgbà tó fi sí rìfáàsì ni bọ́ọ̀sì tó rọra rìn síwájú bí aláboyún. Wẹ́dà di ikùn mú: "Ó-Bá-A-Mu! Ó mà bá a mu lẹ́yìn o!"

Ìgbà yẹn ni aago tí ìyàwó ẹ̀ sọ wá sí i lọ́kàn. Òdì ni ẹ́ńjìnnì yìí ń yí sí. Páálí ò lè sọ ìyẹn fún un, ihò nìkan ni páálí mọ̀. Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára búrẹ́dì. Ká ní ó tiẹ̀ bú u ni!

"Àbí gíà ló kú?" ni Ìyá bi í.

"Gíà ni, Ìyá. Ó ti kú. Kò sì sí irú ẹ̀ níta mọ́."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Bàbá wọn náà ti sinmi, kí bọ́ọ̀sì náà lọ sinmi. Ẹ kú iṣẹ́, àna mi. Ẹ gbìyànjú." Ó sì pe àwọn tó ń gé irin.

"Ẹ kú iṣẹ́" yẹn ló lé e wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló wà tí ìyàwó ẹ̀ fi parí fóònù, tó gbé ọmọ sílẹ̀, tí ọmọ sì rá wọlé wá bá a, tó na ọwọ́ sí imú ẹ̀. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n.

"Ah! Ẹ wà níbí? Ẹ ti ń gbọ́ mi látàárọ̀?"

"Gíà ò kú," ló wí.

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ́ńjìnnì ló ń yí sódì. Ohun tó o bi mí nìyẹn."

Ìyàwó ní, "Ṣé aago lẹ fẹ́ tún ṣe ni?" Ẹ̀rín gbé e, omi sì dà lójú ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ti ẹ̀rín nìkan ni. "Ẹ lọ bá Màámi."

"Bá mi sọ fún wọn."

"Èmi kẹ̀? Ẹnu yín lẹ fi pa gíà. Ẹ fi jí i."

Ìyá ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì nígbà tó wọlé. Ó ká fìlà mọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa dúró sí.

"Ìyá, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sóhun tó ṣe gíà. Èmi ni mo gbé ẹ́ńjìnnì tí ò yẹ wá. Ọmọ yín bi mí kí n tó dè é, mo sì fi ṣẹ̀sín níwájú wẹ́dà."

Ìyá ń po ìyẹ̀fun lọ. "Ẹ̀ẹ̀mejì," ló ní.

"Mà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ parọ́ fún mi. Ẹ ti gbàgbé 'ẹ̀yìn la máa ń kọ́kọ́ dán wò.'"

Ká ní ihò ààrò tóbi tó, á ti kó sí i.

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe, Mà. Irin róbótó kan wà nínú gíà, eléyín. Bí mo bá yí i kó kọjú sí òdìkejì, òdì á bá òdì, bọ́ọ̀sì á máa lọ síwájú."

Ìyá fi ọwọ́ ìyẹ̀fun gbé fóònù. "Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́ lọ́la," ló sọ fún àwọn tó ń gé irin. "Àna mi ti rí ọgbọ́n ẹ̀." Ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun ẹ̀. Bó ṣe bò ó láṣìírí yẹn tún dùn ún ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méjì ló fi tú gíà. Kó tó de bóòtù kan, á ní, "Ìyá ọmọ, wá bá mi wò ó," ìyàwó ẹ̀ á gbé ọmọ wá, á wò ó, á sì sọ ọ̀rọ̀ ogún lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó fi sí gíà kìíní, bọ́ọ̀sì rọra lọ síwájú, ó dé òpin àdúgbò, ó yípo, ó sì gbé Ìyá padà wálé.

"Ó bá a mu!" ni wẹ́dà pariwo. Ó-Bá-A-Mu ò gbá nǹkan kan pàà. Ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé ló gbà lọ, ó ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó tún fi ọṣẹ sí i, ó tún fọ̀ ọ́. Epo ti tán lára ẹ̀ tipẹ́, kò kàn mọ ojú tó máa gbé wọ inú ilé ni.

Ojú fèrèsé kíṣìnnì ṣí.

"Àna mi!" ohùn Ìyá ni. "Ẹ dákun, ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ kó má baà bó. Oúnjẹ ń tutù. Ẹ wọlé wá jẹun!"