Orúkọ Bàbá Mi Lẹ́nu Ìyá Mi

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ogun ti dé, ó ti lọ, mo sì ṣì wà láàyè ní Bouaké, ní ilẹ̀ àwọn Bàwúlé tí Faransé jẹ́ èdè ìjọba wọn, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan béèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìbéèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí nígbà kan.

Ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ogun, ní àwọn ọdún tí owó séfà tí a ń ná já wálẹ̀ tí ọjà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Abọ́ irin àti ìkòkò ni mò ń tà ní ọjà ńlá. Àwọn obìnrin tó máa ń wá ra abọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ wọn kò wá mọ́. Abọ́ àtijọ́ ni wọ́n ń gbé kiri, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn dí ihò ìdí rẹ̀. Ní rédíò, ọ̀rọ̀ tuntun kan dé: ta ni ọmọ ilẹ̀ yìí ní tòótọ́, ta ni kì í ṣe. Àwọn oníbàárà mi ti ń pè mí ní Ànàgó tipẹ́tipẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbí, a jọ máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Wọn ò yí orúkọ náà padà, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń pè é yàtọ̀.

Ní ojú ọ̀nà Brobo, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí wa, àwọn jándámù, ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn, máa ń sọ gbogbo èrò ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn á padà wọkọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọkọ̀ á lọ, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Káàdì kọ́ńsúlà kan ṣoṣo ni mo ní, tó ń sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n sọ ọ́ sínú koríko.

"Lọ bá àwọn tó fún ọ," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì náà nínú koríko. Nàìjíríà tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, mi ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Brobo ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí, nígbà tí bàbá tirẹ̀ ń ta iyọ̀ àti aṣọ fún àwọn àgbẹ̀. Bàbá mi ti kú lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó mọ̀wé sọ fún wa pé ẹni tó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé wọ́n bí òun síbí, wọ́n sì bí bàbá òun náà síbí, lè gba ìwé ọmọ onílẹ̀. Ìwé yẹn ni mò ń wá. Ìyàwó mi ti di ẹrù wa, ó ti tú u, ó tún ti dì í. Bí ìwé kò bá jáde, a ó gbéra lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ojú wa.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa dá ìjókòó kan sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà á pé jọ sí àgbàlá alága ní àdúgbò Sokoura, wọn á máa bá èèyàn tọpa ìdílé. Télọ̀ ni alága, àgbàlagbà ni. Orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń gbé ọwọ́ lé bó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá á dárúkọ agbo-ilé rẹ̀, á ka àwọn baba rẹ̀ dé ibi tó mọ̀ ọ́n dé, àwọn àgbà á sì máa fi tiwọn kún un: èmi ni mo bá bàbá rẹ wọkọ̀ ojú irin, èmi ni mo se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ rẹ. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà náà máa ń wá. Ìwé wọn ti ṣòfò lójú ọ̀nà, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń kó ara wọn jọ.

Nígbà tó kàn mí, mo ka tèmi láìkọsẹ̀. Ìyá kan tó ń ta obì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Imú bàbá ẹ lo gbé wá," ó ní. "Àfi bíi pé o yá a."

"Ẹ má rán an létí," alága dáhùn, "kó má lọ dá a padà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alága ní kí n lọ sí Brobo lọ gba ìwé ìbí mi, pé lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ ti bùṣe.

Ọmọkùnrin Bàwúlé tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Brobo kò yọ mí lẹ́nu. Ó wá ìwé ọdún náà, ó ṣí i, ó sì fi ìka hàn mí. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ bàbá mi wà, orúkọ ọkùnrin mìíràn ni mo rí.

Mo mọ ọkùnrin náà. Onífìlà ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, àpọ́n tó gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa. Ó máa ń fún mi ní ẹ̀pà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ti kú tipẹ́.

"Ṣé bàbá rẹ kọ́ nìyẹn?" ọmọkùnrin náà béèrè.

"Òun ni," mo wí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ni.

Nígbà tí mo wọkọ̀ padà, mi ò rántí pé jándámù wà lọ́nà. Onífìlà ti dàgbà kó tó wá sí ilẹ̀ yìí. Bí èmi bá jẹ́ ọmọ rẹ̀, àlejò ọmọ àlejò ni mí, adájọ́ kò ní wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́ nìkan ló wà lọ́kàn mi. Imú tí ìyá olóbì sọ, imú ta ni? Mo gbìyànjú láti rántí imú onífìlà. Fìlà rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì nígbà tí mo wọlé.

"Ìyá, ta ni bàbá mi?"

Ó gbójú sókè. "Bàbá yín ni."

"Bàbá wa wo?"

"Ṣé oòrùn ló pa ọ́?"

Mo sọ ohun tí mo rí. Ó gbé àtẹ ìrẹsì kalẹ̀.

"Bàbá yín lọ ra ọjà ní Kùmásí nígbà tí mo bí ọ. Èmi ò gbọ́ Faransé. Onífìlà ló bá mi lọ kọ orúkọ ọmọ. Akọ̀wé bi mí pé ta ni bàbá ọmọ. Mo ní olówó orí mi ni."

"Ẹ ò sọ orúkọ wọn?"

"Orúkọ wọn? Èmi? Ṣé nínú igbó ni wọ́n ti hú mi ni? Akọ̀wé ń pariwo. Ó kọjú sí onífìlà, ó ní, ìwọ ńkọ́, kí lorúkọ rẹ? Ó sọ tirẹ̀. Akọ̀wé kọ nǹkan, ó lé wa jáde. Èwo nínú wa ló mọ̀wé?"

Òótọ́ ni pé mi ò gbọ́ kí ìyá mi pe orúkọ bàbá mi rí láyé mi. Ìyàwó tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í pe orúkọ ọkọ, kì í sì í pe ti àwọn èèyàn ọkọ. Àbúrò bàbá mi tó kéré jù, tó ń rákò nígbà tí ìyá mi wọlé wá, Eyínfúnjowó ló sọ ọ́, ọkọ ló sì ń pè é, pẹ̀lú ikun nímú ọmọ náà. Àlàyé rẹ̀ bá gbogbo èyí mu. Síbẹ̀ bí mo bá gbà á gbọ́ ní àárọ̀, iyèméjì á ti dé kí n tó tú abọ́ mi kalẹ̀ lọ́jà. Ó dáa jù, mo ń sọ fún ara mi. Àlàyé tó dáa tó báyìí, ta ló lè jẹ́rìí sí i? Onífìlà ti kú, bàbá mi ti kú. Mo ń wo ìyá mi bó ṣe ń jẹun, ojú sì ń tì mí pé mò ń wò ó.

Mo mú un lọ bá àwọn àgbà. Alága ní adájọ́ lè tún un ṣe bí ìyá ọmọ bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí.

"Ṣùgbọ́n o máa pè é, Ìyàwó."

Ìyá mi mi orí.

"Pè é jàre!" ìyá olóbì wí. "Ọkọ ti kú, ta ló máa gbọ́?"

"Ọkọ kì í kú tán nílé ọkọ," ìyá mi dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ ti pe tìrẹ?"

Ìyá olóbì sọ obì sẹ́nu. Alága ní òun kò lè fi agbára mú un, pé ará ilé ọkọ nìkan ló lè tú ìyàwó sílẹ̀ nínú irú èyí, òun kì í sì í ṣe ará agbo-ilé wa. Bí a bá ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ ilé ẹjọ́ á ti kọjá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sílé ẹjọ́, láìmọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Èrò kún yàrá náà. Obìnrin ni adájọ́. Ògbufọ̀ Júlà, èdè ọjà tí gbogbo wa gbọ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n pè wá, ìyá mi sì sọ ibi tó bí mi sí àti bí onífìlà ṣe bá a lọ. Ohùn rẹ̀ lọ geere.

"Kí lorúkọ ọkọ rẹ?"

Ìyá mi dákẹ́.

Ògbufọ̀ tún un béèrè. Ìyá mi ń wo ilẹ̀.

"Kò mọ̀ ọ́n ni?" adájọ́ wí.

"Ó mọ̀ ọ́n, Màdámú," mo yára sọ. "Orúkọ rẹ̀ ni..."

"Kì í ṣe ìwọ ni mo bi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Àwọn Ànàgó! Wọ́n yá ìyá lọ́jà, wọ́n gbàgbé láti kọ́ ọ ní orúkọ bàbá!" Ẹ̀rín gba yàrá kan. Mo rí i tí adájọ́ ń pa ìwé wa dé. Mo ronú pé ó lè jẹ́ pé orúkọ náà wúwo fún un lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé irọ́ ni kò fẹ́ pa níwájú adájọ́. Mi ò mọ èwo.

Alága dìde lẹ́yìn. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sókè: "Ìyàwó, ṣé kò sí ọkọ rẹ kankan nínú yàrá yìí ni?"

Wọ́n ní kó jókòó. Ìyá mi gbórí sókè, ó wò yíká díẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti kúnlẹ̀ níwájú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e dìde. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ! Ó ti ọwọ́ mi kúrò.

"Ọkọ mi," ó wí, "ẹ yọ̀ǹda fún mi."

"Ẹ," ni ìyá mi wí fún mi. Ìyá tó nà mí, tó ń pè mí ní ìwọ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Orí mi kọ́kọ́ dàrú sí i, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣí. Èèyàn kì í tọrọ àyè orúkọ ilé lọ́wọ́ ọmọ ará ìta. Bí mo bá jẹ́ ti onífìlà, kí ló fẹ́ fi ìyọ̀ǹda mi ṣe? Ó mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún.

"Mo yọ̀ǹda," mo wí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

"Mo yọ̀ǹda, Ìyá. Ẹ pè wọ́n."

Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti yíjú sí adájọ́, ó sì pe orúkọ bàbá mi. Ó pe ti mọ́sálásí, ó pe ti àbísọ, ó pe ti bàbá tó bí i lọ́mọ, sókè ketekete, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Ẹ̀rín ẹ̀yìn dákẹ́. Ògbufọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, pé akọ̀wé kò tíì kọ ti àkọ́kọ́ tán.

Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá adájọ́ gbà wá gbọ́ tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀ sí i, ó bu ọwọ́ lùwé. Ìwé náà jáde. Àwọn jándámù kan gbà á nígbà tó yá, àwọn mìíràn ní mo rà á ni.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, adájọ́ ní kí ìyá mi dìde, kò dìde. Ògbufọ̀ tún un sọ fún un, kò mira. Ojú mi ló ń wò. Ìgbà tí mo tó wí pé, "Ẹ dìde, Ìyá," ló tó gbọwọ́ lé orúnkún, tó gbéra nílẹ̀.

A jáde sínú oòrùn. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó ń gbọn eruku ìrọ́ rẹ̀.

"Kí lo ń wò lójú mi?" ó wí. "Lọ wá ọkọ̀. Ebi ń pa mí."